Adìẹ Àgbàsìn

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni adìẹ tí Fadékẹ́ kò fọwọ́ ara rẹ̀ sìn kò fi wọ ìkòkò rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Olújìmí, ló ṣòfin náà. Káfíńtà ni, ẹ̀bá títì Kétu ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kò sì lówó tí ì bá fi máa ṣe fáàrí ẹnu. Ó kàn kórìíra adìẹ inú yìnyín ni.

"Ẹran tí a ò bá níbi ikú rẹ̀," ni yóò wí, "òkú ni. Òkú tó ti òkè òkun dé nínú pósí páálí, kí n wá fi pàdé ìrẹsì lọ́jọ́ Kérésìmesì? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Ilé adìẹ wọn wà lẹ́yìnkùlé ní Ṣángísà, ó fẹ̀yìn ti ògiri gígùn tó pààlà àdúgbò wọn àti ẹ̀sítéètì Magodo. Àjẹkù pákó iṣẹ́ ni Olújìmí fi kàn án, àwọn oníbàárà mìíràn sì máa ń sọ pé ó dára ju àga tí ó kàn fún àwọn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ti Àjíǹde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ti Kérésìmesì àti ti àlejò. Ajarat, aládùúgbò wọn ní yàrá iwájú, tó ń ta ẹja yìnyín àti itan tòlótòló nínú fírísà ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì ta ẹran fún wọn rí.

"Ìyá Bámi," ni yóò wí, "bí gbogbo Ṣángísà bá ṣe bíi tiyín, ṣé kí n máa káṣọ sínú fírísà mi ni?"

"Ká a sí i," ni Fadékẹ́ yóò dáhùn. "Aṣọ rẹ kò ní làágùn mọ́."

Nígbà tí ọyẹ́ ìparí ọdún 2004 dé, lùkúlùkú bá a wọ àdúgbò. Àrùn yẹn kì í kan ilẹ̀kùn. Adìẹ mẹ́tàlélógún ló kó lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àkùkọ tó kọ láàárọ̀ yóò ti doríkodò kó tó di ìrọ̀lẹ́. Fadékẹ́ gbẹ́lẹ̀ sin gbogbo wọn, Olújìmí fi omi Ísáàlì fọ ilé adìẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ilé náà wá dá wáí, ó ń rùn bí ọsibítù. Ẹja ni wọ́n jẹ ní Kérésìmesì ọdún náà, Olújìmí sì gbàdúrà lé e lórí bí ẹni ń gbàdúrà lórí òkú.

Inú oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e ni Adéníkẹ́ gbé àgbébọ̀ dúdú kan dé. Àbúrò Olújìmí ni, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ́fíìsì ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù, Magodo ló sì ń gbé, òdìkejì ògiri gan-an. Bí èèyàn bá lè fò bí ẹyẹ, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló fi adìẹ náà ta á lọ́rẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sítéètì wọn kò gba ohun ọ̀sìn. Kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ó ṣí bùùtù, ó gbé páálí náà lé Fadékẹ́ lọ́wọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ bá mi sin adìẹ yìí. Àá jọ pín ọmọ rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Eyínfúnjowó. Ọlọ́run á jẹ́ kó yè."

Eyínfúnjowó ni Fadékẹ́ ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Adéníkẹ́ nígbà tí Fadékẹ́ wọlé ọkọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, nítorí náà ọkọ ni, ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ.

Adéníkẹ́ juwọ́, ó wakọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò kún ẹnu, ṣùgbọ́n etí tí wọ́n kọ́ nílé mọ ohun tí ó gbọ́. Adìẹ àgbàsìn nìyẹn. Ìyá jẹ́ ti aládìẹ, ọmọ ni a ó pín lọ́gbọọgba, aládìẹ ni yóò kọ́kọ́ yàn, ojú àwọn méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ pé síbẹ̀. Títí ọjọ́ náà yóò fi dé, ẹni tó ń sìn ín kò gbọdọ̀ gbé ọ̀kan ṣoṣo kaná. Bí àrùn bá pa á, yóò fi òkú hàn. Bí àwòdì bá gbé e, yóò fi ìyẹ́ hàn.

Fadékẹ́ sì ní ìdí tí kò fi lè fi òfin yìí ṣeré. Lọ́dún tó kọ́kọ́ wọlé ọkọ, ní Ìjẹ̀bú, ẹran kan dín nínú ìkòkò ìyá ọkọ rẹ̀. Ológbò ló gbé e, wọ́n sì padà bá eegun rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ṣùgbọ́n orúkọ ti jáde kí eegun tó jáde. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń pè é ní Ìyàwó Ọlọ́wọ́-ìkòkò, títí kan àwọn ọmọdé ilé, Adéníkẹ́ sì wà lára àwọn ọmọdé náà. Adéníkẹ́ ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láti ìgbà náà, Fadékẹ́ kì í tọ́ ọbẹ̀ wò nílé àna láìjẹ́ pé ẹnìkan wà níbẹ̀.

Àgbébọ̀ yé ẹyin mọ́kànlá, ó pa mẹ́sàn-án, méje ló yè: akọ mẹ́ta, abo mẹ́rin. Láàárọ̀ kùtù, lẹ́yìn àdúrà, Fadékẹ́ á bu àgbàdo lílọ̀ dání, á máa kì í:

Àgbébọ̀ dúdú, ìyá ọlọ́mọ yọyọ,
A-walẹ̀-fọ́mọ-jẹ kóun tó jẹ,
A-fapá-ṣòrùlé nígbà tójò dé.
O ò láṣọ, o daṣọ bo ọmọ,
O ò léyín, o fẹnu gbèjà ọmọ,
Èyí tó kẹ́yìn kò ní sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́.

Olújìmí á jókòó sórí àpótí, á máa rẹ́rìn-ín. Àpèkẹ́ ni oríkì ìyàwó rẹ̀, òun ló sì fi ń pè é bí inú rẹ̀ bá dùn. "Àpèkẹ́, èmi tí mo fẹ́ ọ sílé, o ò kì mí báyìí rí."

"Ẹ yé ẹyin kan ná, Bàbá Bámi."

Oṣù kẹfà ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í há Olújìmí lọ́fun. Ẹ̀bà ló kọ́kọ́ kọ̀, iṣu tẹ̀lé e. Wọ́n ní òtútù ni, wọ́n fi orógbó sí i, wọ́n fi oyin sí i. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín bí òwú. Bámi, ọmọ wọn, fi owó ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, wọ́n sì lọ sí ọsibítù ìjọba. Lẹ́yìn gbogbo àyẹ̀wò, dókítà pe Fadékẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ tó, Olújìmí gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mama, jẹjẹrẹ ni. Ọ̀nà ọ̀fun wọn ń padé díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá wù wọ́n láti jẹ, ẹ fún wọn nísinsìnyí tí wọ́n ṣì lè gbé e mì. Tó bá yá, inú ọ̀pá rọ́bà la ó máa gbà fún wọn lóúnjẹ láti ikùn."

Wọ́n délé. Olújìmí yà sẹ́yìnkùlé, ó wo àwọn ọmọ adìẹ náà fún ìgbà díẹ̀.

"Ohun tó wù mí kò pọ̀," ó wí. "Kí n jẹ adìẹ ilé mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ọ̀nà yìí tó padé."

"Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pa."

"Pe Níkẹ̀ẹ́ kó wá pín in. Ṣùgbọ́n má dárúkọ jẹjẹrẹ fún un. Sọ pé ọ̀fun ń dùn mí. N kò fẹ́ kó máa fi omijé wakọ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn akọ ti ń dán an wò láti kọ, Fadékẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ní ìkóríta. Adéníkẹ́ gbé fóònù.

"Eyínfúnjowó mi, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ adìẹ ti tó pín o."

"Adìẹ? Hẹ̀n, ó dáa. Ìyàwó wa, mo wà ní mítìn. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ọ̀fun ń dùn wọ́n díẹ̀."

"Ẹ fún wọn ní omi gbígbóná. Màá yà ní Sátidé."

Sátidé dé, Adéníkẹ́ kò dé. Sátidé kejì náà dé, awakọ̀ rẹ̀ ló gbé ọsàn àti èso ápù wá nínú ọ̀rá. Fadékẹ́ wo ápù náà. Olújìmí kò lè jẹ ìdajì ọ̀kan.

Ó wá ronú ọgbọ́n kan. Ó lọ sí Mile 12, ó ra àkùkọ ìbílẹ̀ kan láàyè, ó pa á, ó fi ata rodo àti efinrin sè é. Olújìmí bu ọbẹ̀ náà sí ṣíbí, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀.

"Èwo lo pa nínú wọn?"

Fadékẹ́ tún ti àwo náà sún mọ́ ọn.

"Mo ka méje láàárọ̀, mo ka méje nísinsìnyí. Àpèkẹ́, mi ò mọ ibi tí adìẹ yìí ti jẹun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gbé e fún Ajarat. Màá dúró de tiwa."

Ajarat jẹ ẹ́, ó fi eegun ta eyín, ó sì wá sọ tẹnu rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. "Ìyá Bámi, ẹ má bínú. Adìẹ méje ń rìn kiri lójú yín, ẹ ń lọ ra adìẹ lọ́jà. Ẹ pa ọ̀kan. Bí aládìẹ bá dé, kí ẹ ní àwòdì gbé e."

"Àwòdì wo? Àwòdì tí ń fò ní Ṣángísà ti kó lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ Magodo tán."

"Kí ẹ ní ọmọ ìta jí i nígbà náà. Ìyẹn kò tíì kó lọ."

"Kó wá di pé èmi ni mo jẹ ẹ́ tí mo fi í lé ọmọ ìta lórí? Ajarat, orúkọ ni mo ní."

"Orúkọ," Ajarat wí, ó sì ń ṣán ọwọ́. "Ẹ fi orúkọ sè fún wọn, ẹ wò ó bóyá yóò jinná."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Lọ́jọ́ kejì, ó kó ọmọ adìẹ méjèèje sínú agbọ̀n ńlá, ó da àwọ̀n bò wọ́n, ó gbé agbọ̀n rù, ó rìn yí ògiri gígùn náà ká títí tó fi dé géètì Magodo. Bí Eyínfúnjowó kò bá ráyè wá, kó jáde sí géètì, kó nawọ́ sí tirẹ̀, kí ojú méjèèjì pé. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Felix, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, dìde lórí àga rẹ̀. "Mummy, kí ló wà nínú agbọ̀n?"

"Adìẹ ni, ọmọ mi."

"Kò lè wọlé. Òfin ẹ̀sítéètì. Kò sí adìẹ, kò sí ewúrẹ́."

"N kò ní kó wọlé. Bá mi pe àbúrò ọkọ mi, madam tí o mọ̀ yẹn, kí wọ́n wá yan tiwọn níbí."

"Madam yẹn ti lọ Àbújá láti Mọ́ńdè. Tírénìn iṣẹ́ wọn ni."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Ìyẹn kò sí nínú ìwé tèmi." Ó yọjú sínú agbọ̀n. "Mummy, ẹ fi èyí pupa yìí sílẹ̀ fún mi. Tí madam bá dé, màá sọ fún wọn pé mo ti bá wọn yàn."

Fadékẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ kan tó dára dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fọn fèrè, Felix sì ní kó gbé agbọ̀n rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ó tún gbé e rù, ó rìn padà. Ó tún pè lábẹ́ agboòrùn. Adéníkẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ni òun ń dé, òun kò ní kùnà láti yà ní Sátidé. Ẹnu Fadékẹ́ ti fẹ́ là láti sọ pé, Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n yín. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ìyàwó tó ń tọrọ ẹran lọ́wọ́ ará ilé ọkọ, kí ló kù tí wọn kò ní sọ nípa rẹ̀?

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, lọ́wọ́ ọ̀sán, Olújìmí ń mu ògì. Ife kékeré kan gbà á ní wákàtí kan gbáko. Nígbà tó parí, ó fọwọ́ pè é.

"Pa ọ̀kan lónìí," ó wí. Fadékẹ́ ní láti tẹ etí mọ́ ẹnu rẹ̀ kó tó gbọ́. "Mo lẹ́nu ọ̀rọ̀. Èmi ni ẹ̀gbọ́n Níkẹ̀ẹ́. Mo ní kí o pa á."

Ó mú ọ̀bẹ, ó lọ. Ó mú àkùkọ pupa, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìyẹ́ apá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ kejì lórí ẹsẹ̀ adìẹ, ó tu ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀bẹ lè rí ọ̀nà. Adìẹ náà kò jà. Ibẹ̀ ni ohùn ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá, ti bá a: "Ẹ wá wo Ọlọ́wọ́-ìkòkò." Ó sì rò ó pé ọkọ rẹ̀ ń kú lọ. Ẹni tó ní kó pa á kò ní sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí pé òun ló ní kó pa á. Òun nìkan ló máa kù pẹ̀lú wọn, òun àti ẹran tó dín.

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Àkùkọ náà gbọnra, ó lọ ń walẹ̀.

"Bàbá Bámi," ó wí nígbà tó wọlé, "ẹ jẹ́ ká fara dà á di Sátidé. Ó ti ń dé lónìí. Ó ku ọ̀túnla."

Olújìmí wò ó. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́ Ẹtì, ògì padà jáde. Wọ́n fún un ní omi, omi náà gba imú jáde. Dókítà ní kí wọ́n gbé e wá ní Mọ́ńdè fún ọ̀pá rọ́bà. Fadékẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó gbàdúrà. Kò tọrọ ìwòsàn mọ́. Ó ní, Olúwa, ẹni tó ya òkun pupa, kì í ṣe òkun ni mo ní kí o yà. Ọ̀nà ọ̀fun kan ni. Ìwọ̀n ṣíbí kan péré.

Adéníkẹ́ dé ní Sátidé, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀. Ó gbé tòlótòló inú yìnyín kan dání nínú ọ̀rá ilé ìtajà ńlá, omi ń kán ní ìdí ọ̀rá náà.

"Ìyàwó wa, ẹ gbà. Ẹ bá ẹ̀gbọ́n mi ṣe ata."

"Ẹ ṣeun, Eyínfúnjowó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ẹ̀yìnkùlé ká pín in, kí n lè tètè pa ọ̀kan."

"Kí la fẹ́ pín?"

"Adìẹ yín. Àgbàsìn."

Adéníkẹ́ dúró, ó ń ronú, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè orúkọ tíṣà rẹ̀ àtijọ́. "Èyí dúdú yẹn? Ó ṣì wà? Ìyàwó wa, mo rò pé ẹ ti pa á jẹ tipẹ́. Mo ti fún yín."

"Ẹ ní a ó jọ pín ọmọ rẹ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu lásán ni. Ṣé kí n kàn ju adìẹ sílẹ̀ kí n máa lọ, kí n má sọ nǹkan kan ni? Èmi tí n kò lè sin ológbò, níbo ni màá kó adìẹ sí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Ìyẹn lẹ ń pè mí sí láti ọjọ́ yìí? Ẹ̀yin náà, ẹ fẹ́ràn wàhálà."

Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan fi dágbére ni ẹnìkejì fi di ẹrù májẹ̀mú, tó gbé e rù títí ọrùn fi wọ̀. Fadékẹ́ kò rí ẹni tó máa bá jà. Obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ yìí kò ṣẹ̀ ẹ́, inú rere ló fi gbé adìẹ wá, inú rere ló fi gbé tòlótòló wá. Bí Fadékẹ́ bá tilẹ̀ ti béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí fóònù, ì bá ti gbọ́ èsì yìí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì lè gbé ọbẹ̀ mì.

Ó gbé tòlótòló náà fún Ajarat kó fi sí fírísà. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó mú àkùkọ pupa, ó sì pa á. Ó fi omi gbígbóná hú ìyẹ́, ó fi iná ra á, ó sè é jẹ́jẹ́ títí ẹran fi rọ̀. Ó bù ú sínú àwo tanganran, ó gbé ìwe lé e lórí. Baálé ló ni ìwe adìẹ. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, Fadékẹ́ kò jẹ ìwe rí, kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn rí pé èèyàn lè mọ bí ó ṣe ń dùn.

Adéníkẹ́ jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Olújìmí gbé orí sókè nígbà tí òórùn náà wọlé. Fadékẹ́ gbàdúrà lé e lórí, ó ki ṣíbí bọ omi ọbẹ̀, ó gbé e sí i lẹ́nu. Ó gbà á. Ọ̀fun rẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan, ó gbéra lẹ́ẹ̀kejì. Ikọ́ gbé e, omi ọbẹ̀ pupa náà gba imú jáde sórí aṣọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Adéníkẹ́ wí, ó ti dìde. "Ìyàwó wa, irú ọ̀fun wo lèyí?"

"Jẹjẹrẹ ni, Eyínfúnjowó. Ó ti padé."

Adéníkẹ́ fi gèlè bo ẹnu. Ó sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ọ níbẹ̀, ó ń fi ẹkún pe dókítà kan lórí fóònù.

Fadékẹ́ nu aṣọ ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ gbé àwo náà kúrò, Olújìmí di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi ìka méjì mú ìwe, ó gbé e sí imú, ó fà á símú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó nà án sí ẹnu Fadékẹ́.

"Tiyín ni," Fadékẹ́ wí.

Ó mi orí. Ètè rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ohùn kò jáde: "Jẹ ẹ́, kí n máa wò ọ́."

Fadékẹ́ la ẹnu, ó gbà á. Ó ń jẹ ẹ́. Olújìmí tẹjú mọ́ ọn, bí àgbọ̀n rẹ̀ ṣe ń lọ ni àgbọ̀n tirẹ̀ náà ń lọ, tirẹ̀ lófìfo. Ó gbé e mì. Olújìmí náà gbé itọ́ mì, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀.

"Ṣé ó dùn?" ni ètè rẹ̀ wí.

"Iyọ̀ kò tó," Fadékẹ́ wí.

Iyọ̀ tó. Ata tó. Kò sí ohun tí ẹnu rẹ̀ ti kàn rí láti ọjọ́ tó ti dáyé tó dùn tó o.